Tísà Kí-Lo-Rí, Ẹni Tí Wọ́n Ní Kò Sí Ní Kíláàsì

Ilé oníyàrá méjì kan wà lẹ́yìn ibi ìlagi, níbi tí ariwo ayùn kì í ti í jẹ́ kí ọmọdé sùn lọ́sàn-án. Nínú ilé náà ni wọ́n bí màmá wa ọ̀wọ́n sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1944. Káfíńtà ni bàbá wọn, ọmọ káfíńtà, ọmọ-ọmọ káfíńtà. Bàbá Oníwọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí kò sí ohun tí wọn kì í wọ̀n. Bí àlejò bá jókòó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, Bàbá á yọ tépù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àga tí àlejò náà jókòó lé, títí yóò fi dìde. Aránṣọ ni ìyá wọn, obìnrin tí kì í pariwo, tí kì í sì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bó bá ti sọ ọ́. Ẹni tó bá bá Màmá ṣiṣẹ́ rí yóò mọ ohun tí wọ́n mú lára òbí kọ̀ọ̀kan.

Ọdún 1950 ni wọ́n fi Màmá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìkángun òpópónà ibi ìlagi. Ẹ fi ilé-ìwé yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà síbẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ dẹ́sìkì ilé-ìwé náà fún Bàbá Oníwọ̀n, pẹ̀lú àṣẹ pé kí wọ́n kan ẹsẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ onípákó ní ìlà-ìlà, kí ojú gbogbo ọmọ lè máa wo pátákó ìkọ̀wé. Bàbá kàn án débi pé wọ́n ń fi yangàn. Wọ́n ní bí ilé-ìwé bá wó lọ́la, dẹ́sìkì àwọn á ṣì wà lórí ìdúró. Ìlà kejì ni Màmá jókòó sí, wọ́n sì mọ ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú wọn ju ojú onítọ̀hún lọ.

Ní ọdún 1952, Màmá ka ìsọdipúpọ̀ méje láti òkè délẹ̀ láìkọsẹ̀, olùkọ́ sì ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Oníwọ̀n bi wọ́n pé bí ilẹ̀kùn kan bá gba pákó méje, pákó mélòó ni ilẹ̀kùn mẹ́jọ máa gbà. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsọdipúpọ̀ méje láti òkè. Bàbá dá wọn dúró, wọ́n ní, “Ṣé orin ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ ni?” Màmá máa ń sọ fún àwa ọmọ pé ìtìjú ọjọ́ yẹn kò kúrò lára àwọn rí, pé òun ló sọ àwọn di olùkọ́, kì í ṣe àtẹ́wọ́.

Màmá wọ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní ọdún 1962, wọ́n sì jáde ní ọdún 1964. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí orúkọ fi mọ́ wọn lára. Wọn kì í kọ́kọ́ sọ ohun tí nǹkan jẹ́ fún ọmọ. Ìbáà jẹ́ ewé, ìbáà jẹ́ àwòrán inú ìwé ìròyìn, ìbáà jẹ́ bàtà tó já, wọ́n á gbé e síwájú ọmọ, wọ́n á ní, “Kí lo rí?” Lẹ́yìn náà wọ́n á dúró. Ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò lè ka ení dé àrún nínú kí wọ́n má tíì dáhùn ìbéèrè ara wọn, ṣùgbọ́n Màmá lè dúró títí agogo ìsinmi á fi lù. Báyìí ni wọ́n ṣe di Tísà Kí-Lo-Rí, àwọn òbí ọmọ pàápàá kò sì pè wọ́n ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ní ọdún 1968 ni Màmá fẹ́ bàbá wa, akólẹ́tà tó ń gun kẹ̀kẹ́ káàkiri àdúgbò wọn. Bàbá wa jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé oṣù mẹ́rin gbáko ni àwọn fi ń kó lẹ́tà Màmá wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mẹ́ta tilẹ̀ dé pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí àwọn lè rí ìdí padà wá. Màmá ní àwọn ti mọ̀ látọjọ́ kejì, pé àwọn kàn dúró kí ẹni tó ń ṣe é fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1971 ni wọ́n gbé Màmá padà sí ilé-ìwé òpópónà ibi ìlagi, wọ́n sì fún wọn ní kíláàsì kẹrin, ọmọ méjìléláàádọ́ta. Dẹ́sìkì Bàbá Oníwọ̀n ṣì wà níbẹ̀, kò mira. Lẹ́yìn pátápátá ni ọmọbìnrin kan jókòó sí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Adákẹ́, nítorí láti kíláàsì kìíní kò tíì sí olùkọ́ tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò lè kọ́ ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan Màmá kó gbogbo kíláàsì lọ síta, wọ́n fún wọn ní okùn, wọ́n ní kí wọ́n wá bí ògiri ilé-ìwé ṣe gùn tó. Àwọn tó kù ń jà sí okùn. Adákẹ́ ká tirẹ̀ sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi wọn bíríkì kan, ó ka bíríkì, ó sì tọ Màmá wá láti sọ iye rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nílé-ìwé nìyẹn, kò sì ṣì í.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti fàáké kọ́rí pé ọmọ kankan kò ní máa wo ẹ̀yìn orí ọmọ mìíràn ní kíláàsì àwọn mọ́. Wọ́n fẹ́ kí dẹ́sìkì yí ká, kí àwọn ọmọ lè rí ojú ara wọn, kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ń bẹ̀rù wàhálà ju àìsàn lọ, ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ti kàn án mọ́lẹ̀, ẹni tó kàn án kò sì fi eré kàn án. Màmá ní, “Mo mọ ẹni tó kàn án.”

Ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1972 ni Bàbá Oníwọ̀n wá sí kíláàsì náà pẹ̀lú òòlù. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa orí ìṣó àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ara mi jẹ́.” Màmá ní, “Bàbá, ilẹ̀kùn mẹ́jọ.” Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù yọ ìṣó náà. Dẹ́sìkì mẹ́tàlá ni, ìṣó mẹ́rin mẹ́rin, ó sì gbà wọ́n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n kà á, ìṣó méjìléláàádọ́ta ló wà nínú agolo, iye kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì. Bàbá ń nu òógùn, wọ́n ń rojọ́ pé iṣẹ́ àwọn ló dára jù, òun ló jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dun àwọn. Màmá tọ́jú agolo náà títí ọjọ́ ikú wọn.

A ti wá dé ọ̀rọ̀ tó mú kí ẹbí kọ ìtàn yìí bí a ṣe kọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1973, alábẹ̀wò kan wá láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ẹ má bínú pé ẹbí kò bọ̀wọ̀ fún un nínú ìwé ìsìnkú yìí. A gbìyànjú láti pè é ní “wọ́n”, kò lọ lẹ́nu wa. Lásìkò náà, èèrà ń tò jáde lẹ́sẹ̀ ògiri kíláàsì, àwọn ọmọ sì ń fi ìka ṣe ìwọ̀n ọ̀nà tí èèrà rìn, wọ́n ń kà á, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tí yóò rìn láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Ìsọdipúpọ̀ ni Màmá ń kọ́ wọn. Màmá kò ga, aṣọ wọn ọjọ́ náà sì jọ ti àwọn ọmọ. Lórí eékún ni wọ́n wà láàárín wọn, wọ́n forí balẹ̀, wọ́n ń wo èèrà. Alábẹ̀wò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo iwájú pátákó, kò rí ẹnì kankan. Ó béèrè pé, “Olùkọ́ yín dà?” Ọmọ kan dá a lóhùn láìgbójú sókè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná, a ń kà á.” Kò dúró. Ó lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, ó ṣí ìwé ńlá ilé-ìwé, èyí tí àwọn alábẹ̀wò máa ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sí, ó sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé: Kíláàsì kẹrin. Kò sí olùkọ́ ní kíláàsì.

Nígbà tí ọ̀gá pe Màmá kí wọ́n wá fọwọ́ sí i, wọ́n yarí kanlẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún alábẹ̀wò ibi tí wọ́n wà. Ó ní olùkọ́ tí òun kò rí, kò sí. Màmá gba bírò lọ́wọ́ ọ̀gá, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ohun tó kọ pé: Mo wà níbẹ̀. Ẹ ò wo ilẹ̀ ni.

Kúẹ́rì, ìwé pé kí Màmá wá wí tẹnu wọn, dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá wa ló gbé e wá nínú àpò iṣẹ́ wọn. Wọ́n mọ ohun tó wà nínú àpòòwé náà, nítorí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kì í kọ̀wé kí èèyàn lásán. Wọ́n tẹ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ara wọn, wọ́n ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ni iṣẹ́.” Lẹ́yìn tí Màmá fọwọ́ sí i tán, Bàbá wa gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó tì wọ́n, lẹ́tà àwọn ará àdúgbò kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ́fíìsì dá Màmá lẹ́bi pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n yọ wọ́n kúrò ní kíláàsì, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa ṣọ́ yàrá ìkówèésí, níbi tí eruku pọ̀ ju ìwé lọ. Ọdún méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n tún dẹ́sìkì kíláàsì kẹrin kàn mọ́lẹ̀, káfíńtà mìíràn ni, kò sì kàn án dáadáa. Inú Màmá bà jẹ́ gidigidi, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, títí Adákẹ́ fi jáde kíláàsì kẹfà, bí agogo ìsinmi bá ti lù, á kan ilẹ̀kùn yàrá náà, á wọlé, á bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, á sì padà lọ. Nígbà tí kò sí olùkọ́ tó fẹ́ gba kíláàsì kẹrin mọ́, wọ́n dá Màmá padà síbẹ̀. Màmá mú òòlù bàbá wọn dání lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń bá ọ́fíìsì fà láti ìgbà náà: kí wọ́n pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Kì í ṣe ipò ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní gbogbo olùkọ́ tuntun tó bá ṣí ìwé náà yóò kà pé bí olùkọ́ bá kúnlẹ̀ láàárín ọmọ, kò sí. Lọ́dọọdún, láti 1974, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, wọ́n kọ lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Bàbá wa ló ń gbé e lọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọ́fíìsì kọ etí ikún sí i.

Ní ọdún 1999, ìjọba gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun dé. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀kọ́ báyìí, kí ọmọ fọwọ́ kan nǹkan, kó béèrè, kó bá ẹnìkejì rẹ̀ jíròrò. Inú Màmá dùn sí i tọkàntọkàn. Wọ́n pe gbogbo olùkọ́ sí sẹminá ọlọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n to àga ní ìlà-ìlà, ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì sì dúró síwájú, ó ka ìwé sí wọn létí fún wákàtí méjì pé olùkọ́ kò gbọdọ̀ dúró síwájú kó máa dá sọ̀rọ̀. Màmá nawọ́ sókè. Wọ́n béèrè pé ṣé kí àwọn yí àga padà ni, àbí kí àwọn kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Màmá dìde, wọ́n gbé àga wọn, wọ́n kọjú sí olùkọ́ tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ní, “Ẹ ǹ lẹ́ o. Kí lẹ rí níbí láti àárọ̀?” Kó tó di ọ̀sán, gbogbo yàrá náà ti yí ká, ọ̀gá sì ń wá ibi tó máa dúró sí.

Ọ́fíìsì kan náà wá ya fọ́tò kíláàsì Màmá, wọ́n sì fi ṣe ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n pín fún gbogbo ilé-ìwé. Wọn kò kọ orúkọ ẹnì kankan sí i. Bí ẹ bá rí ìwé náà, ẹ wò ó dáadáa: àwọn ọmọ forí pọ̀ lórí nǹkan kan nílẹ̀, ẹ ò sì ní rí Màmá.

Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2004. Ọ́fíìsì pè wọ́n sí gbọ̀ngàn láti fún wọn ní àwo ọlá, pé wọ́n jẹ́ aṣáájú ètò ẹ̀kọ́ tuntun. Màmá dé ibẹ̀, wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n ní, “Ẹ pa gbólóhùn yẹn rẹ́, kí n gba àwo yín.” Wọ́n dá wọn lóhùn pé a kì í fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àtijọ́. Màmá gbé àwo náà padà sórí tábìlì, wọ́n rọra tò ó kó má baà ṣubú, wọ́n sì gba ilé lọ.

Nínú ìjọ, ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn àgbààgbà pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nítorí àga tí wọ́n tò yí ká, nígbà kẹta àwọn àgbààgbà náà wá jókòó sínú kíláàsì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, láti 2005, wọ́n kọ́ àwọn mẹkáníìkì àti àwọn awakọ̀ àdúgbò ní ìwé kíkà. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí mẹkáníìkì sọ ohun tó rí, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ohun tó kọ́kọ́ kà láyé rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀. Bàbá wa ṣaájú wọn lọ sọ́run ní ọdún 2011. Màmá tọ́jú agogo kẹ̀kẹ́ wọn sórí fèrèsé, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ láti fi pe kíláàsì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ara Màmá kò gba iṣẹ́ mọ́. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wá wo ẹsẹ̀ wọn tó wú, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ máa sọ fún un. Màmá ní kí ọ̀gá náà dúró. Wọ́n bi ọmọ náà pé kí ló rí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n dákẹ́, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ojú wọn sì là gbangba títí dé òpin.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí ẹbí. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní àwọn yóò rán aṣojú wá síbi ìsìnkú, kí a fi àga síwájú dè wọ́n. Wọ́n ní láti bọlá fún olóògbé, àwọn ti ṣe tán láti pa gbólóhùn ọdún 1973 rẹ́. Àádọ́ta ọdún. Àwa ọmọ jókòó yí lẹ́tà náà ká, ẹlòmíràn nínú wa sunkún, ẹlòmíràn ní kí a gbà á kíá. Ìgbà tí a ń wá ìwé ìbí Màmá nínú àpótí ni a rí ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn, ti oṣù kẹfà ọdún 2022, ìkọkàndínláàádọ́ta. Kò gùn. Wọ́n kọ ọ́ pé: “Mo gba ẹ̀bẹ̀ mi padà. Ẹ má pa á rẹ́ mọ́. Bí ẹ bá pa tiyín rẹ́, tèmi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ní ìtumọ̀, àwọn olùkọ́ tó ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ kà á.” Ẹbí ti dá ọ́fíìsì lóhùn. Gbólóhùn méjèèjì yóò wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé: àgbà, ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, èyí àárín, obìnrin, olùkọ́ kíláàsì kẹrin, àti àbíkẹ́yìn, tó ń tẹ̀wé, òun ló sì tẹ èyí tí ẹ mú dání. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ méje sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, obìnrin, jẹ́ káfíńtà. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì sílẹ̀, àti Adákẹ́, tí ẹbí ti kà mọ́ ọmọ tipẹ́, tó di awọnlẹ̀, tí kì í sì í dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ti rí i pé àga yí ká. Nígbà tí a lọ wo gbọ̀ngàn yìí, alábòójútó ní àga kì í yí ká níbi òkú. A ní tiwa yóò yí ká. Ẹ̀yin aṣojú ọ́fíìsì, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó níbi tó bá ṣófo, nítorí kò sí iwájú. Ọmọ-ọmọ Màmá ló kan tábìlì tí pósí wà lórí rẹ̀, kò sì ga ju orókún ọmọ kíláàsì kẹrin lọ. Agolo ìṣó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn ìwé yìí ṣófo. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin náà rí lára Màmá síbẹ̀, a óò kó o jọ. Bí ẹ bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ò rí wọn, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ wọlé, kí ẹ wo ilẹ̀.

Ẹ sùn re o, Tísà Kí-Lo-Rí. Ẹsẹ̀ yín ti tó sinmi, eékún yín náà ti tó sinmi. Olùkọ́ wà ní kíláàsì.